Àǹtí Ẹnu Ọ̀nà: Bí Mo Ṣe Gba Àwọn Ọmọdé Wọlé ní Jos

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, tí mo sì dá wọn lóhùn pé ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí de àwọn ọmọdé, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé mẹ́gádì ni yín ni?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mẹ́gádì ń dúró kí olè má baà wọlé. Èmi ń dúró kí ọmọ lè wọlé, ó sì le ju ti mẹ́gádì lọ.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó máa ka èyí ṣì ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. N kò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe irú tèmi. Èmi kì í ti ẹnikẹ́ni síwájú, nítorí mo mọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹnu ṣì ń yà mí sí títí di òní, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó pinnu.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo dé Jos. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ tíṣà, wọ́n ti gbé e láti Èkìtì wá sí Plateau, èmi sì tẹ̀ lé e wá. Mo ti jáde ilé ìwé Mọ́dà, n kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá kan ní gbọ̀ngàn ní Nasarawa Gwong. Ohun tó ń dun àwọn àgbà ẹgbẹ́ nígbà náà ni pé a bí ọmọ ní Jos, a rán an níṣẹ́ ní Yorùbá, Hausa ni yóò fi dáhùn. Wọ́n ti pinnu kí n tó dé pé kí àwọn ọmọ máa péjọ ní ọ̀sán Sátidé, kí tíṣà máa kọ́ wọn ní ìwé Yorùbá, kí àgbà kan máa pa àlọ́ fún wọn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbá gbọ̀ngàn náà, tí yóò to bẹ́ńṣì, tí yóò sì máa gba àwọn ọmọ wọlé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo gbà á. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ parí síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ìyá Wúrà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ìyàwó tuntun ló sì jẹ́ nígbà tó dé Jos láyé òyìnbó. Òun ló ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ẹgbẹ́ láìgba kọ́bọ̀, kí orúnkún tó dá a dúró. Ó ní òun á jókòó ti ẹni tuntun náà títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Sátidé àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo to àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ dé yípo, a bẹ̀rẹ̀ ẹkùn mẹ́ran. Ariwo ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá Wúrà jókòó sí igun kan, ó ki obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó pè mí.

"Bọ́sẹ̀, ọmọ Èkìtì."

"Ẹ̀yin mà, Màmá."

"Eré rẹ dùn."

"Ẹ ṣé gan-an mà."

"Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó dùn fún àwọn tó ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wọ ẹ̀wù àdìrẹ yẹn, ìgbà wo ló dé?"

N kò mọ̀. Ká sọ òótọ́, n kò rí ọmọ kankan tó wọ àdìrẹ.

Ó ní, "Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ẹkùn fi pa ẹran tán. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ọmọ tó bá dé ibi tí eré ti gbóná, tí kò rí ihò tó máa gbà wọ̀ ọ́, ọkàn rẹ̀ ti padà sílé. Ara rẹ̀ nìkan ni tíṣà kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lónìí."

Ó wá sọ òfin iṣẹ́ náà fún mi. Eré ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ dùn fún ọmọ kan ṣoṣo tó bá kọ́kọ́ dé. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹlòmíràn mọ́ra láìdúró, kí ẹni tó pẹ́ jù lọ sì rí ààyè nínú rẹ̀ bíi pé òun gan-an ni wọ́n ti ń retí. Ẹkùn mẹ́ran, bojúbojú, súwè, gbogbo wọn dára, àmọ́ ó ní kí n máa fi wọ́n sí ìgbà tí gbogbo ọmọ bá ti dé tán.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, kò jẹ́ kí n ṣe eré kankan. Ìkíni nìkan ló ní kí n máa ṣe. Mo gbọ́dọ̀ dé kí ọmọ kankan tó dé. Mo gbọ́dọ̀ lóṣòó kí ojú mi lè wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú ọmọ. N kò gbọdọ̀ bi ọmọ pé kí ló dé tó fi pẹ́. Ó ní ọmọ tó ti dé ti dé. Nígbà mìíràn tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, á ní kí n jáde kí n tún wọlé bí ọmọdé.

"Tún jáde."

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"Àga lojú rẹ ń wá. Ọmọdé kì í wá àga, ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wá. Tún jáde."

Tí mo bá bínú, á fi ọ̀pá gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin ará Èkìtì, ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ èèyàn kí."

Èmi náà kò gbà fún un. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì rèé, ẹ ó kí èèyàn títí tí yóò fi ra abọ́."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé obì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ní kí n tún jáde.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó kọ́ mi ní eré tirẹ̀. Mo Tẹ̀lé ló ń pè é. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé á dúró lẹ́bàá ògiri, á sọ orúkọ rẹ̀, á sì sọ ohun kan tó rí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá dé tẹ̀ lé e á gbé ọwọ́ lé e léjìká, á ní, "Orúkọ mi ni lágbájá, mo tẹ̀lé tàmẹ̀dò," á sì sọ ohun tí òun náà rí. Bí wọ́n ṣe ń dé ni ìlà náà á máa gùn, tí á máa rọra rìn yí gbọ̀ngàn ká. Kò sí ẹni tó pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí ìdí ìlà ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Eré kékeré ni, ẹ ti rí i. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹnu ti kọ́kọ́ yà mí. Ọmọ tí kò ní la ẹnu rẹ̀ ní Yorùbá nílé, á fẹ́ sọ ohun tó rí. Mo rántí ọmọ kan tó sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, mo rí akuya... kai! Kí ni Yorùbá ń pe akuya?"

Àwọn tó wà níwájú pariwo pé, "Ewúrẹ́!"

"Mo rí ewúrẹ́ lórí mọ́tò! Ó ń wo gbogbo èèyàn bí ọ̀gá!"

Ìlà náà fọ́n ká pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì tún tò padà. Tíṣà ìwé ṣe làálàá kó tó rí gbólóhùn mẹ́ta gbà lẹ́nu ọmọ yẹn. Ewúrẹ́ kan gbà á láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi gbólóhùn kún gbólóhùn; díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun kan wà tí Ìyá Wúrà kì í fojú fò. Tí ọmọ ìkẹyìn bá dé, èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká kí n sọ pé, "Èmi ni Àǹtí, mo tẹ̀lé lágbájá." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní gbogbo ọmọ tó wà nínú ìlà ló ní ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, àfi ẹni tó kẹ́yìn. "Bó ò bá pè é, ta ló fẹ́ pè é?" Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Ẹnu Ọ̀nà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ́kọ, mo bímọ, Ìyá Wúrà kò lè máa wá mọ́. Àwọn ọmọ tí mo gbà wọlé dàgbà, wọ́n ń fa àwọn àbúrò wọn lọ́wọ́ wá. Nígbà náà ni Ṣìkírá dé.

Bàbá rẹ̀ ń ta obì ní Angwan Rogo. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún hù ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Sátidé kan kì í kọjá kó má wá, àmọ́ kò jẹ́ wọlé. Orí fèrèsé ló ń jókòó sí láti ìta, tí á máa ju ẹsẹ̀. Tí mo bá pè é, á ní, "Ba na jin Yarbanci," ìyẹn ni pé òun kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni. Tí a bá pa ẹ̀fẹ̀ ní Yorùbá, òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Títí, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá láti Oǹdó, ni Ṣìkírá ń fi ṣe ẹlẹ́yà jù. Títí máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè nínú ìlà bíi sójà.

"Tòlótòló! Ẹ wo tòlótòló!"

Títí á dáhùn láìwẹ̀yìn, "Tòlótòló wà nínú ilé. Ìwọ tó o wà níta ńkọ́? Ẹyẹ àkókó?"

Mo bẹ Ṣìkírá. Mo fún un ní gúgúrú. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Ìyá Wúrà nílé.

"Ṣé ó ń wá ní gbogbo Sátidé?" ni ó bi mí.

"Ó ń wá, mà."

"Ó ti dé nìyẹn, wíwọlé ló kù. Má fà á o. Ọmọ tó o bá fà wọlé, o ò ní mọ̀ bóyá òun ló wá tàbí ọwọ́ rẹ. Àmọ́ máa fi ojú sí i. Àwọn tó ń sáré wọlé yẹn kò nílò rẹ. Ẹni tó wà lórí fèrèsé yẹn ni iṣẹ́ rẹ."

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá jí ní Sátidé, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí Ṣìkírá gba ẹnu ọ̀nà wọlé fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé bọ́ sí. Ẹ̀yin tó mọ Jos mọ bí òjò ibẹ̀ ṣe máa ń bínú dé. Gbọ̀ngàn wa ti gbó. Amọ̀ ni bíríkì rẹ̀, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú ni, páànù ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń dé, ìlà ti gùn. Títí ló dé kẹ́yìn. Mo ti ń bọ̀ wá gbé ọwọ́ lé e léjìká nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá fèrèsé kan mọ́ ògiri. Mo yà lọ láti ti àwọn fèrèsé. Mo wo ojú fèrèsé tí Ṣìkírá máa ń jókòó sí, kò sí níbẹ̀. Mo rò pé ó ti sáré lọ sílé.

Yìnyín wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ yìnyín rí, àmọ́ n kò gbọ́ irú èyí. Ó ń lu páànù bíi pé wọ́n ń da àpò òkúta lé e lórí. Mo la ẹnu mi pe àwọn ọmọ, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé, kò sí ohun tí mo gbọ́. Afẹ́fẹ́ gbé páànù sókè ní apá kan, mo rí ojú ọ̀run láti inú ilé. Lẹ́yìn náà ni ògiri ẹ̀yìn, tó ti mu omi, wó.

Bíríkì gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú. Erùpẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀, mo kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sá gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹnìkan fà mí lábíyá. Màlám Gárúbà ni, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé mi kalẹ̀ ní àgbàlá. Yìnyín ti ń dá. Gbogbo ilẹ̀ funfun.

Alága ẹgbẹ́ wa, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, sáré dé, àwọn òbí kan sì dé. "Bọ́sẹ̀! Ṣé wọ́n pé?"

Mo fẹ́ ka àwọn ọmọ, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Tí ẹ bá bi mí pé ọmọ mélòó ló wá lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀.

Nígbà náà ni mo rí i. Káyọ̀dé, tó kọ́kọ́ dé, rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ igi gúáfà, ó dúró. Ẹ̀jẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Fúnkẹ́, tó dé ṣìkejì, ń wò kiri títí ojú rẹ̀ fi rí i, ó sáré lọ gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Mo tẹ̀lé Káyọ̀dé." Ẹlòmíràn wá. "Mo tẹ̀lé Fúnkẹ́." Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é. Wọ́n tutù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń wá ara wọn kiri nínú yìnyín, ìlà náà sì ń gùn bó ṣe gùn nínú ilé gẹ́lẹ́. Mo ti fi ọdún púpọ̀ rò pé èmi ni mo ń kọ́ wọn ní eré. N kò mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn.

Ó dé orí Títí. "Mo tẹ̀lé Bánkẹ́."

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run ṣeun! Wọ́n pé!" Ìyá kan kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Mo wọ́ ara mi dé ọ̀dọ̀ Títí, mo na ọwọ́, mo gbé e lé e léjìká bí mo ṣe máa ń ṣe. "Èmi ni Àǹtí, mo tẹ̀lé Títí."

Ó yí padà, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. "Rárá, Àǹtí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ̀lé mi."

"Títí, mo..."

"Ẹ̀yin ti lọ ti fèrèsé nígbà yẹn. Ọwọ́ kan ti wà ní èjìká mi kí ilé tó wó. Ọwọ́ kékeré, ó tutù."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Alága ní ìjayà ló ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí a tètè gbé àwọn tó fara pa lọ sí ọsibítù. N kò dá a lẹ́bi. Ìlà ti pé lójú gbogbo wa, ògiri kejì sì ti fì, ẹnikẹ́ni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lè má jáde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀.

Àmọ́ mo mọ̀ pé Títí kì í purọ́, mo sì ti rántí ojú fèrèsé tó ṣófo. Ẹ̀rù bà mí. Kí ẹ má rò pé akọni ni mí. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n jìnnà sí ilé yẹn. Ìdí ni mo fi wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ kò gbé mi. Férémù ilẹ̀kùn ṣì dúró. Mo di í mú, mo na ọrùn sínú òkùnkùn àti erùpẹ̀, mo pariwo bí mo ṣe lè pariwo tó: "Ta ló tẹ̀lé Títí?"

Kò sí ìdáhùn. Omi ń kán.

Mo tún pè é. "Ta ló tẹ̀lé Títí?"

Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ bíríkì, ó tín-ín-rín. "Orúkọ mi ni Ṣìkírá. Mo tẹ̀lé Títí."

Yorùbá ni. Kò sí àbùlà kankan nínú rẹ̀.

Màlám Gárúbà wà lẹ́yìn mi. "Wallahi, èèyàn wà níbẹ̀!" Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n fi igi ti ògiri tó fì, wọ́n ń gbé bíríkì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága alára bọ́ agbádá sílẹ̀, ó wà nínú wọn. Èmi di férémù náà mú, mo ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kó má baà sùn.

"Ṣìkírá, kí lo rí lójú ọ̀nà lónìí?"

"Mo rí yìnyín."

"Kí lo tún rí?"

"Àǹtí, ọwọ́ ń dùn mí."

Bẹ́ńṣì méjì ló gbé ara lé ara wọn lórí rẹ̀, òun ni bíríkì kò fi pa á. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, apá rẹ̀ kan ti kán. Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

"Mo ti sọ orúkọ mi tẹ́lẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ni."

"Yìnyín ni, ọmọ mi."

"Haba, Àǹtí! Mo pariwo."

Títí ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ò gbọ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ ni mo mọ̀. Ṣé tòlótòló ṣì ni mí?"

Ṣìkírá fi ojú wọ̀n ọ́n láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú apá tó kán. "Tòlótòló ṣì ni ẹ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri kejì wó lulẹ̀.

N kò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí òjò ọdún náà fi tán. Ẹsẹ̀ mi san, àmọ́ kò tọ́ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé tí alángbá bá sáré lórí páànù ilé wa, màá ti dìde dúró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á fò sókè. Mo ní kí Alága wá ẹlòmíràn. Wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, abẹ́ igi ni wọ́n ń péjọ sí.

Ìyá Wúrà gba taksí wá bá mi. Ọkọ mi àti awakọ̀ ló gbé e wọlé.

"Mo gbọ́ pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni òtútù rẹ̀ ti ń bà mí lẹ́rù."

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Mi ò ní kí ẹ̀rù má bà ẹ́. Irú ilé wo lo fẹ́, tó o máa lè dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Lọ sọ fún wọn. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà ló kọ́ èyí tó wó."

Mo lọ sọ fún wọn. Mo ní mo fẹ́ òpó tó ní irin nínú. Mo fẹ́ ilẹ̀kùn ní iwájú àti lẹ́yìn, kí méjèèjì máa ṣí síta, kí wọ́n má sì tì wọ́n tí ọmọ bá wà nínú ilé. Mo ní tí ojú ọ̀run bá dúdú sí ìhà Lamingo kí aago ìpàdé tó lù, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Àwọn kan kùn pé obìnrin yìí ti di ojo. Mo jẹ́ kí wọ́n kùn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ilé tuntun náà le, ó mọ́lẹ̀, mo sì padà síbẹ̀. Ṣìkírá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ohun èlò eré wa yí padà lẹ́yìn náà. Ìdérí ìgò mínírà àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti ìrìn àjò dé fún wa ní rédíò tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ tan orin fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo rédíò, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gbé e pamọ́. Ṣìkírá, tó ti ń di ọ̀dọ́ nígbà náà, ló rí i pé ó ní bọ́tìnì tó ń gba ohùn sílẹ̀. A wá ń gba ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, a sì ń tan án fún wọn. Ọmọ á gbọ́ ara rẹ̀, á di ẹnu mú. "Àǹtí, ṣé èmi nìyẹn?" Ohùn tirẹ̀ gan-an, tó ń sọ Yorùbá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ká ní èmi nìkan ni, n kò ní mọ ohun tí bọ́tìnì yẹn wà fún.

Ọdún tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ mi, yìnyín bá wa nínú ilé. Kò sí àmì kankan lójú ọ̀run kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Wúrà ti kú nígbà náà. Ìlà ti pé, ọwọ́ mi sì wà ní èjìká ọmọ ìkẹyìn, ìyẹn ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Wálé. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wo fèrèsé tó ń gbá, ara mi fẹ́ lọ tì í. N kò lọ. Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ níbi tó wà.

Wálé gbé ojú sókè wò mí. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń sọ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ mi.

Ìgbà náà gan-an ni ọmọbìnrin kan sáré wọlé láti inú yìnyín, ó fi abọ́ bo orí. N kò rí i rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi ìsádi ló ń wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló rán an wá sọ́dọ̀ wa. Ó dúró, ó wo ìlà, ó rí bí gbogbo èèyàn ṣe di èjìká ẹnìkejì mú. Ó wá sẹ́yìn mi. Mo lóṣòó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ burúkú yìí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó èjìká mi. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé etí mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀ títí mo fi ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní, "Orúkọ mi ni Yétúndé." Kò mọ ohun tó kàn, kò sì mọ orúkọ mi. Wálé pariwo méjèèjì sí i létí.

"Mo tẹ̀lé Àǹtí," ni ọmọ náà wí, ó sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká.